Ìgò Oyin Kan fún Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí lẹ́tà mi, ẹ má bínú. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ṣé àbúrò mi ń bá yín gbé pákó ní ṣọ́ọ̀bù, àbí ẹnu ló ṣì fi ń bá yín gbé e? Èmi wà dáadáa. Mo ṣì wà níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn, aṣọ ibùsùn là ń fọ̀, òun là ń lọ̀, òun là ń ká. Bí mo bá sùn, mo máa ń ká a lójú àlá.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù gbọ́. Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, Onírùngbọ̀n la máa ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń sin oyin lẹ́yìn ilé ìfọṣọ wa, àpótí méjì, lẹ́bàá ògiri níbi tí ooru ẹ̀rọ ń gbà jáde. Oyin tó ń ta èèyàn ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìgò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá wa wá ní bí kò bá sí ẹni tó máa gba àwọn àpótí náà, òun á ní kí wọ́n kó wọn dànù. Ni mo bá nawọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín kí ẹ tó pariwo. Àpótí, ọ̀fẹ́. Agolo tí wọ́n fi ń fín èéfín sí wọn, ọ̀fẹ́. Aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ kí wọ́n má baà ta á gbówó lórí lọ́jà, ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn tó ti ya ni mo fi rán tèmi, mo sì fi àpò nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ṣe ti ojú. Òwú nìkan ni mo rà. Onírùngbọ̀n ní bí ọdún bá dáa, àpótí kan lè fúnni ní ìgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo iye tí mò ń ná sí oògùn ikọ́ níbí.

Kò kọ́ mi lọ títí. Ó ní, "Má sáré. Má fi lọ́fínńdà para wá síbí. Bí òjò bá pọ̀ tí ebi sì ń pa wọ́n, ṣúgà àti omi ni kí o fún wọn, má fún wọn ní nǹkan míì." Irú wa ni bàbá náà, kì í fowó ṣòfò.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹjọ rèé tí o ti lọ. Mo ní bí o bá máa sọ fún mi pé o gba nǹkan tọ́jú, ọmọ ni, tàbí ọkọ tó ṣeé tọ́jú. Kòkòrò! Nǹkan tí a máa ń sá fún! Bí aládùúgbò bá bi mí pé kí ni ọmọ mi ń ṣe lókè òkun, kí ni kí n wí?

O fi ìṣirò bò mí lójú, mo mọ ibi tí o ti rí i kọ́. Ṣùgbọ́n o ò kọ iye tí wàá san bí wọ́n bá ta ọ́ lójú. O ò kọ iye wákàtí tí wàá fi dúró tì wọ́n, tí ò bá fi sùn. Kọ ìyẹn náà sí i, kí o tún un rò pọ̀.

Orúnkún mi wà níbi tó wà. Iṣẹ́ ò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Àwọn àpótí yẹn, báwo ni wọ́n ṣe so igun wọn? Ìṣó ni wọ́n kàn, àbí wọ́n gé eyín sí i? Mi ò béèrè nítorí oyin o. Pákó ni mò ń béèrè.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Mo gba ìbáwí yín. Wọn ò tíì ta mí lójú, ọwọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì wú bíi búrẹ́dì. Mo lọ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Eyín ni wọ́n gé sí igun wọn, márùn-ún márùn-ún, kò sí ìṣó kankan àfi ní ìsàlẹ̀. Pákó fúyẹ́fúyẹ́ ni, wọn ò kun inú rẹ̀. Férémù mẹ́wàá ló so kọ́ sínú àpótí kan bí ìwé inú fáìlì, lórí wọn ni àwọn oyin ń kọ́ afárá sí. Àlàfo tó wà láàárín wọn ò ju ìka ọmọdé lọ. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ́lé dí i. Bó bá há jù, wọ́n á fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá, ẹ ò bá fẹ́ràn wọn. Wọn ò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò, kódà àyè.

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ni èyí tó wà lápá ọ̀tún, ó wúwo, oyin inú rẹ̀ pọ̀, kò sì fẹ́ kí èèyàn dúró lójú ọ̀nà òun. Àbúrò ni ìkejì. Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀, mo lè ṣí i láìfín èéfín. Bí a bá lọ fún ìsinmi ọ̀sán, àwọn tó kù á lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tíì, èmi á lọ gbé etí lé ara pákó. Ó ń dún nínú, kì í dáwọ́ dúró, bí ìgbà tí ìdílé ńlá kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. Láti ọdún mẹ́jọ wá, Bàbá, yàrá tí mò ń sùn ò dún bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá ìbejì tí a jọ ń lọ aṣọ ti rí nǹkan fi mí ṣe. Ní àràárọ̀, á ní, "Àwọn àna wa ńkọ́, ṣé wọ́n jí ire?" Mo ní wọ́n jí, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́, wọn kì í pẹ́ dé bíi tirẹ̀. Ó fi aṣọ tútù nà mí.

Ẹ ní kí n ka wákàtí mi. Mo gbìyànjú ìṣirò míì: mo fẹ́ ka iye oyin tó ń wọlé sí Àbúrò ní ìṣẹ́jú kan, kí n lè mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Mo kà dé bí ọgọ́ta, mo wá rí ọ̀kan tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ya, tó ń ṣubú tó ń dìde, tó sì ru ẹrù ẹ̀tù òdòdó sẹ́sẹ̀ bọ̀ wálé. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sún fún un. Bí mo ṣe gbàgbé iye tí mo kà nìyẹn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tutù. Wọn ò lè jáde. Ṣúgà gbówó lórí, ṣùgbọ́n mo ti dín tèmi kù nínú tíì, èmi àti wọn la jọ ń pín in.

Ọmọ yín.

*

Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ka ti àpótí yẹn, ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó gé eyín sígun àpótí kòkòrò, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Mo gé irú rẹ̀ kékeré kan láti fi dán ọwọ́ wò. Ó wọra pẹ́kí.

Mo tún ka ibi tí ọ̀kan ti ru ẹrù wálé pẹ̀lú ìyẹ́ tó ya. Mo kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àbúrò rẹ ní kí n gbé lẹ́tà náà sílẹ̀ kó má baà gbó.

Wàyí o, ta ló ń fún oyin ní ṣúgà? Ìyà gidi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n jókòó. Mo lọ bá Ọlọ́yin, ọkùnrin tó ń kó oyin wá sí àdúgbò wa láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, èyí tó máa ń pè ọ́ ní Aládùn. Mo ṣàlàyé. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ní ó ń sin wọ́n? Ọmọ yìí ti jogún mi!" Ìgò méjì ló fi lé mi lọ́wọ́, ó gba owó ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ń padà bọ̀ lọ́hùn-ún, òun ló máa mú un bọ̀.

Ìgò kan ni tìrẹ, ti ikọ́ nìyẹn. Ìkejì ni tiwọn. Pín in dọ́gba fún Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Má sọ pé Àbúrò nìkan ni ebi ń pa. Nígbà tí ìwọ àti àbúrò rẹ wà lọ́dọ̀ mi, ṣé mo fún ọ̀kan kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ rí? Kódà bí ọ̀kan bá ti yó.

Jẹun dáadáa. Má dín ṣúgà kù nítorí ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Bàbá mi,

Nọ́ọ̀sì dé. Ìgò méjèèjì dé láìfọ́, ó fi aṣọ wé wọn bí ọmọ tuntun. Nígbà tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn ilé wa kún yàrá mi.

Mo rántí pé Onírùngbọ̀n ní ṣúgà nìkan ni kí n máa fún wọn. Mo rò ó wò. Owó ló ń ṣọ́, mo mọ bí irú wa ṣe ń rò: ta ló máa ra oyin fún oyin? Ṣùgbọ́n èyí ò ná mi ní nǹkan kan. Mo fi ṣíbí wọ̀n ọ́n sínú àwo méjì kó má baà sí ojúsàájú. Ṣíbí mọ́kànlélógún fún Ẹ̀gbọ́n, mọ́kànlélógún fún Àbúrò. Ó ku ẹyọ kan, èmi ni mo lá a.

Wọ́n sáré bò ó. Mo gbé etí lé pákó, mo gbọ́ ohùn wọn tó yí padà, ó rẹlẹ̀ sí i, bí ilé tí àlejò ẹni bá ti wọ̀. Bàbá, mo sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lọ́rùn. Nǹkan tó ti ọwọ́ yín wá ló wà lẹ́nu wọn.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti lá àwo náà gbẹ. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́yin. Ẹ ní Aládùn ló ní kí ẹ kí i.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo jíṣẹ́ rẹ. Ọlọ́yin ò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Ó wà ní ibi ìlagi lánàá, ó ń bá àwọn awakọ̀ jiyàn, ó ní, "Èwo nínú yín ló ti wọ bàálù? Oyin mi ti wọ̀ ọ́!" Wọ́n sọ ọ́ ní Oyin-Bàálù lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà.

Èmi náà ti ń ṣe é. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kó tó bi mí ní iye àga, mo ti sọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò fún un. Kọ̀wé kíá. Ṣé Àbúrò ti wúwo sí i? Ya fọ́tò wọn fún mi, bí kò bá gbówó lórí.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mi ò gbúròó rẹ. Mo ní bóyá ìwé ló sọnù, mo tún kọ òmíràn.

Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Àbí oyin ti gba ọwọ́ rẹ débi pé o ò ráyè ti bàbá rẹ? Mo ń bi ọ́ gan-an ni. Ọlọ́yin tún gbé ìgò wá, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ òun. Mo gbà á.

Bàbá rẹ.

*

Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mi ò bínú mọ́. Kọ̀wé. Ìlà kan tó.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Ara mi le, ẹ má fòyà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi ìkíni ni mo máa ń dé tí màá dáwọ́ dúró.

Àwọn oyin ò sí mọ́.

Níparí oṣù kẹjọ, mo ṣí Ẹ̀gbọ́n, òórùn rẹ̀ ò dáa. Àwọn ihò tí ọmọ wọn ń gbé ti jìn wọnú, ìdérí wọn dúdú, ó ń dán bí ẹni pé omi wà lórí rẹ̀. Mo rò pé òjò ni. Mo ń ṣí i lójoojúmọ́, ó ń pọ̀ sí i. Mo wá fi fóònù pe Onírùngbọ̀n. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Kí lo fún wọn jẹ?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Mo sọ fún ọ." Mo ní, "Ẹ sọ fún mi, ẹ ò sọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé nítorí owó ni." Ó ní kí n pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó oyin, pé bí n ò bá pè wọ́n, òun á pè wọ́n fúnra òun, kí n má bínú.

Obìnrin kan ni wọ́n rán wá. Ó fi igi ìṣáná tọ inú ihò kan, ó fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ọmọ oyin ń fà gbọọrọ bí àtè tí ẹ fi ń lẹ pákó. Ó pa àpótí dé jẹ́jẹ́. Ó ní àìsàn ọmọ oyin ni, ó máa ń fara pamọ́ sínú oyin tí a ń lá, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, kì í sì í pa oyin tó ti dàgbà. Ọmọ wọn ló ń pa. Ó ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ fún wọn ní oyin tí kò mọ ibi tó ti wá. Mo ní mo mọ ibi tó ti wá. Ó wò mí.

Mo ní kò burú, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń ṣàìsàn, ẹ wo Àbúrò, mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí, ó mọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́ lóòótọ́. Ó wá ní, "Kí lo fún èyí?" Mo ní ohun kan náà. Ó ní, "Ṣé ó kéré sí ti ìkejì?" Mo ní rárá, mo fi ṣíbí wọ̀n ọ́n.

Mo bẹ̀ ẹ́, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ìyá ìbejì jáde wá, òun náà bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ò le, ojú òun náà pọ́n. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀, gbogbo oyin tó wà ní àdúgbò yìí ló máa kó o kí ọdún tó yí po. Iná nìkan ló ń pa á.

Èmi ni mo gbẹ́ ihò tí a máa sun wọ́n sí, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì gbẹ́ ẹ. A dúró di ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo wọn lè wọlé. Mo wò wọ́n tí wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń sún fún wọn. Obìnrin náà dí ẹnu ọ̀nà, ó da bẹntiróòlù díẹ̀ sí i látòkè. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti oṣù kẹta, ó ga sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ti Àbúrò pẹ́ ju ti Ẹ̀gbọ́n lọ. Igun wọn ò tú nínú iná, Bàbá. Pákó di èédú, eyín ṣì di eyín mú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tètè dé. Mo rò pé ó ti parí. Àwọn kan wà tó sùn síta, bóyá òjò ló ká wọn mọ́ orí òdòdó. Wọ́n padà wálé. Wọ́n ń yí po níbi tí àpótí wà, wọ́n ń bà sórí koríko, wọ́n ń gbéra, wọ́n tún ń yí po. Wọn ò ta mí. Ìyá ìbejì wá dúró tì mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Jẹ́ ká wọlé." Mi ò lè wọlé. Wọ́n ń bà lé apá mi nítorí pé èmi nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Obìnrin ọ́fíìsì ní òun á fún mi ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìgbà òdòdó bá dé. Mo ní rárá. Bí ẹ bá ní kí n ṣe ìṣirò, mi ò pàdánù kọ́bọ̀ kan. Ọ̀fẹ́ ni mo gbà wọ́n. Mo ṣe ìṣirò yẹn fún ìyá ìbejì, ó ní kí n dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgò yẹn ránṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi ni wọ́n sọ fún tí mo fi owó túmọ̀ rẹ̀.

Ọmọ yín.

*

Ogúnjọ́, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo sì ní kí àbúrò rẹ kà á sókè fún mi, bóyá ojú mi ló ṣì í kà. Ohun kan náà ló kà.

Mo kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni obìnrin yẹn ń pa. Mo pariwo mọ́ àbúrò rẹ bí ẹni pé òun ló wí i. Oyin tí mo fi tọ́ yín, tí mo fi sí yín lẹ́nu nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbé yín lọ! Nígbà tí mo pariwo tán, mo lọ wo ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ sí ọ, mo máa ń fi ẹ̀dà pamọ́. Èmi ni mo ní kí o pín in dọ́gba. Èmi ni mo ní kódà bí ọ̀kan bá ti yó. Mo ti ṣe ìṣirò náà láti iwájú, mo ti ṣe é láti ẹ̀yìn. Bí mo bá yọ ìlà yẹn kúrò, ọ̀kan ló ń kù ní gbogbo ìgbà.

Mi ò tíì lè sọ fún Ọlọ́yin. Bó ti ń kọjá ló ń nahùn pè mí, "Àwọn ọmọ wa ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà dáadáa. Ó ti di ìgò mẹ́rin tó gbé wá. O ní kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun mi ò gbà á. Mi ò lè tà á, mi ò lè dà á nù níbi tó ti máa rí i. Àbúrò rẹ ní ká sọ òótọ́ fún un. Mo ní kó ṣáà jẹ́ kó máa yangàn lọ, èèyàn mélòó ló rí nǹkan yangàn sí?

O kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Má kọ ọ́ mọ́.

Ọmọ ọkùnrin tó ń ta ìṣó fún mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ yìí. Ó yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ àná, ó ní, "Bàbá, kí ni kí n bá yín mú fún ọmọ yín?" Mo ní kó jókòó. Mo wọ yàrá, mo wo gbogbo rẹ̀ yíká. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé nǹkan, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé òmíràn. Mi ò rí ẹyọ kan tí ẹ̀rù ò bà mí láti fi ránṣẹ́ sí ọ.

Mo ní kó máa lọ.

Bàbá rẹ.